Ẹ Yé Gún Òkúta Nínú Odó Iyán

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni mẹ́rin ló di òkúta sínú ańkáṣíìfù wá bá mi ní Ìsánlú. Wọ́n rò pé wúrà ni, àmọ́ pyrite ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òkúta tó ń dán bíi wúrà tí kì í ṣe wúrà. Ọ̀kan bínú, ó ní aríran ti rí wúrà lábẹ́ ilé bàbá òun. Kí aríran náà fi òkúta ọ̀hún ha ẹ̀yìn táìsì níbi tí kò dán: wúrà á fa ilà ìyeyè, pyrite á fa ilà dúdú. Ẹ fi òòlù lù ú: wúrà á tẹ́ pẹrẹsẹ, pyrite á rún.

Ibi tí wúrà ti ń wá ló yẹ kí wọ́n bi mí. Òkúta dúdú tó ń fà sí àwọ̀ ewé tí ẹ ń rí láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú, àpáta yíyọ́ tó ti inú ilẹ̀ tú jáde ni púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà kan. Ilẹ̀ fún un pọ̀, ooru sè é. Èyí tó le jù dé ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Àwọn tó jọ ọ́, tí wọ́n sì dàgbà jù ú lọ, wà ní Barberton ní South Africa, wọ́n ju bílíọ̀nù 3 ọdún lọ. Ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ti tú jáde. Bí àpáta yíyọ́ bá kan omi tútù, ara rẹ̀ á gan, inú á ṣì máa ṣàn, á bẹ́ jáde, á tún gan. Ó fi wá tò jọ bí ìrọ̀rí, ẹ ṣì lè fọwọ́ kàn án lónìí. Ọ̀kan nínú wọn, komatiite, tó gba orúkọ lára odò Komati, gbóná tó nǹkan bí 1,600 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tó ń tú jáde. Ti Hawaii òde òní kò ju nǹkan bí 1,200 lọ. Inú ayé gbóná nígbà náà ju báyìí lọ.

Omi gbígbóná ló sọ wọ́n di aláwọ̀ ewé. Omi, omi, omi! Irú omi gbígbóná bẹ́ẹ̀ ló tún máa ń gba inú àpáta kọjá lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, tó ń kó wúrà tó fọ́n káàkiri, tó sì ń dà á sílẹ̀ nínú àwọn ibi tí àpáta ti sán, pẹ̀lú òkúta funfun. Bẹ́ẹ̀ ni wúrà Obuasi ní Gánà ṣe wà, nínú àpáta tó ju bílíọ̀nù 2 ọdún lọ. Ojú sísán àti òkúta funfun ni kí ẹ wá, ẹ má wá ìran.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti màmá kan tí mo bá nídìí odó, tó ń gún òkúta láti wá wúrà, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó sínú eruku. Odó iyán ni! Ní Zamfara, ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Ojú kò lè mọ èyí tó ní òjé.

Màmá ní òun máa ń fi omi ṣan odó náà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, eruku òkúta náà ti wọ inú igi.” Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi àáké là á, mo sì ra tuntun fún wọn lọ́jọ́ ọjà.