Bí Wọ́n Ṣe Gba Ọ̀nà Lọ́wọ́ Mọ́tò ní Berkeley

Ẹni tó bá dúró síwájú Sather Gate lónìí, ní ọgbà Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, ilẹ̀ gbalasa ni yóò rí, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kọjá tọ̀tún tòsì. Sproul Plaza ni wọ́n ń pè é. Kò sí mọ́tò kan níbẹ̀. Títì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, títì tí ẹsẹ̀ kì í gbèrò.

Òpópónà Telegraph ló ti Oakland wá, tó sì ń gbá tààrà wá síbi géètì náà. Opó kan, Jane Sather, ló fowó kọ́ géètì ọ̀hún láti fi ṣèrántí ọkọ rẹ̀. Ọdún 1910 ni wọ́n parí rẹ̀. Inú géètì ni ọgbà, ìta rẹ̀ ni ìlú. Ṣọ́ọ̀bù ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níta, mọ́tò sì ń lọ, ó ń bọ̀. Ibi tí mọ́tò ń gbà yìí gan-an tún ni ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń la ẹnu sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé kò gba ọ̀rọ̀ òṣèlú láyè nínú ọgbà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdìbò tàbí kó pín ìwé, yóò jáde sí ìta géètì. Ilẹ̀ ìlú ni ibẹ̀, ilé-ìwé kò lè lé e.

Nígbà tí ọgbà kún àkúnya, yunifásítì ra ilẹ̀ tó wà láàárín géètì àti òpópónà Bancroft. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dí títì, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, gbàgede ti dé. Ilé àwọn alákòóso, Sproul Hall, ti wà lápá kan láti 1941. Wọ́n wá kọ́ ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí Vernon DeMars yàwòrán rẹ̀, sí òdìkejì. Wọ́n ṣe ìsun omi kan sáàárín, ajá kan tó ń jẹ́ Ludwig sì sọ ibẹ̀ di ilé, títí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ pe ìsun omi náà.

Bí títì ṣe lọ nìyẹn, ilẹ̀ ìlú bá a lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó tábìlì wọn lọ sí etí Bancroft, sórí ilẹ̀ tóóró kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 26, tí wọ́n gbà pé ìlú ló ni ín. Ní September 1964, ilé-ìwé kéde pé òun ló ni ibẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n kó tábìlì kúrò. Lọ́jọ́ kìíní oṣù October, ọlọ́pàá mú Jack Weinberg, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tó wà nídìí tábìlì, wọ́n sì tì í sínú mọ́tò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó yí mọ́tò náà ká fún wákàtí 32. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á bọ́ bàtà kó má ba mọ́tò jẹ́, á sì gun orí rẹ̀. Mario Savio wà lára wọn. Mọ́tò kan ṣoṣo tó wọ gbàgede ẹlẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe pèpéle. Nígbà tó di January 1965, wọ́n gbà kí àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn Sproul Hall, àtẹ̀gùn náà ló sì ń jẹ́ orúkọ Savio láti 1997.

Àtẹ̀gùn náà ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Wọ́n ti lé mọ́tò lọ lóòótọ́, àmọ́ ta ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún? Ọdún 1962 ni Ed Roberts wọlé sí Berkeley. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti ọmọ ọdún 14, inú àgbá irin tó ń bá a mí ló ń sùn. Àgbá náà wúwo ju ohun tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà lọ, ni wọ́n bá fi í sí ilé ìwòsàn Cowell nínú ọgbà. Bó bá fẹ́ lọ sí kíláàsì, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ń fà á gun àtẹ̀gùn.

Mo mọ bí èyí ṣe ń rí. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé, ọ̀gbẹ́ni kan nínú kíláàsì wa wà lórí àga onítáyà. Gọ́tà wà níwájú gbọ̀ngàn ìdánwò wa, àtẹ̀gùn mẹ́ta sì tẹ̀ lé e. Àwa mẹ́rin la máa ń gbé òun àti àga rẹ̀ kọjá. Á gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, á dijú títí a ó fi sọ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ń lo àga onítáyà bá Roberts ní Cowell, John Hessler ló ṣáájú, wọ́n sì pe ara wọn ní Rolling Quads. Ohun tó ń bá wọn jà lójoojúmọ́ ni etí títì: kọ́ńkéré tó ga tó ínṣì 6, táyà kékeré iwájú àga á gbá a, àga á dúró gbagidi. Wọ́n ń sọ pé òru ni wọ́n ń jáde lọ fọ́ kọ́ńkéré, tí wọ́n á fi sìmẹ́ńtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀. Ìtàn náà dùn, àmọ́ iwájú ìgbìmọ̀ ìlú gan-an ni iṣẹ́ ti ṣe. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ní September 1971, ìgbìmọ̀ náà sọ ọ́ di ìlànà ìlú pé kí títì àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní àdúgbò ọjà ṣeé gbà fún akàndá ẹ̀dá. Bí Telegraph ṣe ń rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìyẹn, títí dé ẹnu ọgbà.

Àwọn afọ́jú kọ́kọ́ ké gbàjarè: kọ́ńkéré tó ga yẹn ni ọ̀pá wọn fi ń mọ̀ pé títì ti dé. Hale Zukas, tó ń lo àga onítáyà fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tó bá wọn jókòó láti wá bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò ṣe ní pa afọ́jú lára. Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn náà jù, torí wọn ò sọ pé tiwa ti tó.

Ní 1972 wọ́n dá Ibùdó Ìgbé Ayé Òmìnira, tí àwọn akàndá ẹ̀dá fúnra wọn ń darí, sílẹ̀ ní Berkeley. Nígbà tó di 1975, Gómìnà Jerry Brown fi Roberts ṣe olórí iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá. Ó kú ní 1995. Ilé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ṣí ní 2010 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè Ashby, ọ̀nà pupa kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ń yí bírí lọ sókè. Ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹni tó wà lórí àga onítáyà jọ ń gbà á ni.