Kẹ̀kẹ́ inú páálí àti kẹ̀kẹ́ ọwọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe: ibi tí ìyàtọ̀ wọn wà

Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í parí sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Inú páálí pẹlẹbẹ ló máa ń wà dé ibi tí wọ́n ti ń tà á. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló máa wà ní àyè rẹ̀. Wọ́n á ti so táyà iwájú mọ́ ẹ̀gbẹ́ férémù, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á máa rọ̀ dirodiro lára wáyà bírékì, pẹ́dà méjèèjì á sì wà nínú ọ̀rá kékeré kan pẹ̀lú sípánà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò lè tú nọ́ọ̀tì gidi kankan. Ẹnì kan ṣì ní láti parí iṣẹ́ náà kó tó di gígùn. Ta lẹni náà, kí ló sì mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́? Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù wà láàrin kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rà ní ilé ìtajà ńlá àti èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun. Ọ̀rọ̀ iye owó àti ti ọ̀dà tó ń dán, ẹ̀yìn ìyẹn ló wà.

Kẹ̀kẹ́ tí à ń fi ẹsẹ̀ wà là ń sọ o. N'Ìbàdàn tòní, ẹni tó bá ké "kẹ̀kẹ́!" lẹ́bàá títì, Márúwá ló máa dá dúró.

Ìlú yìí mọ kẹ̀kẹ́ ológeere dáadáa nígbà kan. Raleigh tó ń ti Nottingham wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà, wolé-wolé àti àgbẹ̀ kòkó fi ń rìn: férémù dúdú, mọ́gádì irin, táyà gàgàrà oní íńṣì 28, bírékì tí ọ̀pá irin ń fà dípò wáyà. Ó wúwo, ṣùgbọ́n kò sí ibi kan lára rẹ̀ tí sípánà kò lè tú. Ìdí nìyẹn tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi wà káàkiri àdúgbò nígbà náà. Lónìí, iye wọn ti dínkù. Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ á lọ sí ilé ìtajà ńlá ní Dùgbẹ̀, Ring Road tàbí Bódìjà, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń bá ìkòkò àti fáànù jókòó sójú kan, tàbí kó lọ bá àwọn tó to tòkúnbọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, tàbí kó wá atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó ní ọ̀kan tàbí méjì fún títà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ní ilé ìtajà ńlá, òṣìṣẹ́ tó to mílíìkì sórí pẹpẹ láàárọ̀ lè jẹ́ ẹni tí wọ́n máa ní kó to kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án. Kò ṣẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe kan wà tó máa ń tẹ̀lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, ojú sì lè rí wọn láìtíì sanwó.

Fọ́ọ̀kì ni ká kọ́kọ́ wò. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì fọ́ọ̀kì máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ níbi tó ti ń sún mọ́ táyà, bírékì iwájú á sì wà ní iwájú fọ́ọ̀kì. Bí ẹni tó tò ó bá yí i pa dà, títẹ̀ náà á kọjú sí ẹni tó ń gùn ún, bírékì á wọ ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣòro darí, bàtà ẹni tó ń wà á á sì máa kọ́ táyà nígbàkígbà tó bá fẹ́ yà. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n máa ń gbé e sójú wíńdò pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù.

Pẹ́dà lèyí tó ń náni lówó jù. Pẹ́dà ọ̀tún, ọ̀tún là ń yí i sí kó tó le, bíi gbogbo nọ́ọ̀tì. Ti òsì, òsì là ń yí i sí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ pẹ́dà yípo, agbára ẹsẹ̀ yẹn ń rọra yí ọ̀pá pẹ́dà nínú ihò rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé tírẹ́ẹ̀dì kan náà ni méjèèjì ní, ti òsì á máa tú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́tà R àti L máa ń wà ní ìdí pẹ́dà kí wọ́n má baà ṣì í, ṣùgbọ́n lẹ́tà kékeré ni, ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà kò ní wá a. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á fi ti òsì sí ọ̀tún, kò ní fẹ́ wọlé, wọ́n á wá fi agbára wọ̀ ọ́. Ọ̀pá pẹ́dà jẹ́ irin líle. Apá tí wọ́n ń dè é mọ́ lè jẹ́ alumíníọ̀mù tó rọ̀. Bí irin bá ti jẹ tírẹ́ẹ̀dì inú ihò yẹn, ó ti tán. Pẹ́dà á dúró fún ìgbà díẹ̀, lọ́jọ́ kan á yọ jáde lábẹ́ ẹsẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí ẹni náà bá dìde láti fi gbogbo agbára gun òkè. Apá náà lódindi ni wọ́n máa pààrọ̀. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe a fi gírísì díẹ̀ ra tírẹ́ẹ̀dì, a fi ìka yí i títí á fi wọlé jẹ́jẹ́, kó tó fọwọ́ kan sípánà.

Lára ọ̀pá ìjókòó àti ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì bọ férémù, ìlà kan wà tí wọ́n kọ MIN sí. Ìlà yẹn kò gbọ́dọ̀ hàn síta. Bó bá hàn, ọ̀pá tó kù nínú férémù kò tó láti gbé ènìyàn.

Àwọn tí a ti kà yìí, ojú ń rí wọn. Inú táyà ni ibi tó pamọ́. Ní àárín táyà kọ̀ọ̀kan ni bọ́ọ̀lù irin wẹẹrẹ ń yí láàrin kọ́ọ̀nù, ìyẹn nọ́ọ̀tì tó ń fún wọn mọ́ àyè wọn, àti abọ́ irin. Kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú kọ́ọ̀nù tí wọ́n dè jù, pẹ̀lú gírísì tí kò tó nǹkan. Ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, kí ẹ fi ìka ta táyà díẹ̀. Táyà tó dára á yí, á dúró, á sì tún padà sẹ́yìn díẹ̀ bíi jangírọ́fà títí ibi tó wúwo jù lára rẹ̀ á fi wá sísàlẹ̀. Èyí tó bá dúró gbagidi níbi tó bá wù ú, kọ́ọ̀nù ń fún un lọ́rùn. Bó bá sì ń mì yẹ́gẹ́yẹ́gẹ́ sọ́tùn-ún sósì, ó ti tú jù. Iṣẹ́ sípánà fẹ́lẹ́ méjì àti sùúrù ni láti tò ó, àmọ́ bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù á gbẹ́ irin náà, á sì di ọ̀rọ̀ pípààrọ̀.

Sípóòkù náà ńkọ́? Ẹni tó bá mọ bí onílù ṣe ń fa ọṣán gángan á tètè lóye rẹ̀. Sípóòkù 36 ló máa ń wà lára táyà kan lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì wọn ń fa ríìmù sọ́tùn-ún, ìdajì ń fà á sósì. Táyà á dúró ṣánṣán bí fífà náà bá dọ́gba. Ẹ̀rọ ló ń fa ti kẹ̀kẹ́ inú páálí, kì í sì í fi gbogbo ìgbà dọ́gba. Fi ìka ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ohùn àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà yẹ kó jọra. Kódà èyí tí wọ́n fà dáadáa á rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé orí sípóòkù á ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sínú ihò rẹ̀. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀, á sì ní kí oníbàárà padà wá. Ilé ìtajà kò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fà á. Pẹ̀lú àwọn kòtò tó wà lójú ọ̀nà wa, sípóòkù tó rọ̀ kì í pẹ́ ṣẹ́, bí ọ̀kan bá sì ṣẹ́, ẹrù rẹ̀ bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù.

Ọ̀rọ̀ jíà ló máa ń tan ará Ìbàdàn jẹ jù. Wọ́n á kọ "21 speed" gàdàgbà sára férémù. Ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé irin eléyín mẹ́ta wà níwájú, méje wà lẹ́yìn. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbé lórí òkè kà ni iye eyín. Bí irin iwájú bá ní eyín 44, tí ti ẹ̀yìn ní 18, pẹ́dà á yípo lẹ́ẹ̀kan, táyà oní 26 á sì rìn bíi mítà 5. Èyí dára ní pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n láti Béèrè gun Mápó, mítà 5 lábẹ́ ìtẹ̀ kan ti pọ̀ jù fún itan ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe eléré ìdárayá. Bí iwájú bá ní 28, tí ẹ̀yìn náà ní 28, ìyípo kan á gbé e lọ ní bíi mítà 2, ènìyàn á sì lè gùn ún débẹ̀ láìsọ̀ kalẹ̀ tì í. Kẹ̀kẹ́ oníjíà 7 tó ní irú eyín bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, tí eyín iwájú rẹ̀ sì kéré, sàn fún ìlú olókè ju oníjíà 21 tí jíà rẹ̀ kì í wọlé lọ.

Ṣọ́ọ̀kì méjì tí wọ́n ń fi sí kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lábẹ́ ìjókòó, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Sípíríǹgì irin ni wọ́n, wọ́n ń dá kún ìwúwo, wọ́n sì ń jẹ agbára ẹsẹ̀ bí ènìyàn bá ń gun òkè. Férémù líle tí kò ní ṣọ́ọ̀kì ló dára jù ní iye owó yẹn.

Tòkúnbọ̀ wá ńkọ́? Ẹnì kan ti gùn ún nílẹ̀ Yúróòpù kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀ǹténà, nítorí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ sábà máa ń dára ju ti kẹ̀kẹ́ tuntun olówó kan náà lọ. Ewu rẹ̀ yàtọ̀: ó ti gbó níbi tí ojú kò tó. Ẹ wo abẹ́ férémù níbi tí ọ̀pá ti pàdé ara wọn. Bí ọ̀dà bá sán tàbí tó kó jọ bí awọ ọrùn àgbàlagbà, kẹ̀kẹ́ náà ti kọ lu nǹkan rí. Fún ṣéènì, rúlà onígi àwọn ọmọ ilé ìwé ti tó. Láti àárín píìnì kan dé àárín píìnì kẹrìnlélógún tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 12 géérégé. Bó bá fi ìdá 1 nínú 16 íńṣì kọjá, ṣéènì ti fẹ́ pípààrọ̀. Bó bá tó ìdá 1 nínú 8, ó ti bá eyín irin náà jẹ.

Táyà tòkúnbọ̀ gan-an ni kí ẹ bèèrè lé lórí kí ẹ tó sanwó. Nọ́ńbà 26 kò tó. Táyà 26 × 1.95 àti 26 × 1⅜ kò lè wọ ríìmù ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 26 ni wọ́n ń pe méjèèjì. Nọ́ńbà tí kì í purọ́ ni èyí tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú dáàṣì, bíi 50-559 tàbí 37-590. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni ìwọ̀n ibi tí táyà ti ń jókòó lórí ríìmù, ní mìlímítà. 559 ni ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oní 26 tó ní táyà kíki; 590 lè jẹ́ kí ènìyàn wá táyà káàkiri ọjà kó tó rí ọ̀kan.

Ti ọmọdé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé ìtajà ń fi ọjọ́ orí ta 12, 16, 20 àti 24. Ẹsẹ̀ ọmọ ni kí ẹ wò: bó bá jókòó, kí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Rírà á tóbi "kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀" dára fún bàtà ilé ìwé, kò dára fún ohun tó ní bírékì.

Ilé ìtajà ńlá ní èrè tirẹ̀. Iye owó kò ṣe é ná, ṣùgbọ́n rìsíìtì wà, ẹ sì lè bèèrè bóyá wọ́n ń gba ọjà padà. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́, ẹ lè ná iṣẹ́ mọ́ ọjà: "Bàbá, ẹ bá mi tú táyà méjèèjì, ẹ fi gírísì sí i, ẹ bá mi fa sípóòkù, kí n san iye tí ẹ pè." Owó tí wọn kò ní gé kúrò lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á gé e kúrò lórí iṣẹ́.

Ọ̀nà kan sì wà tó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ti fẹ́ ra tuntun ní ilé ìtajà, kó ní kí wọ́n má tò ó, kí wọ́n gbé páálí náà fún òun bó ṣe wà. Páálí yẹn wọ bọ́ọ̀tù táksí bí wọ́n bá fi okùn so bọ́ọ̀tù. Kó gbé e tààrà lọ sọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, kí ó sì dúró tì í. Bó bá délé tán, kó má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà láìsọ̀rọ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà mọ́tò lè kún túùbù kẹ̀kẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, a sì bẹ́ bí ìbọn. PSI, ìyẹn ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí táyà ń fẹ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi 40 sí 65 fún oní 26. Kí fọkanáísà kà á kó tó tẹ ẹ̀rọ.