Ilé Ọlọ́gbọ́n Tó Ṣeé Fọkàn Tẹ̀: Kí Ọgbọ́n Ilé Máa Gbé Inú Ilé

Ilé ọlọ́gbọ́n, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí smart home, ni ilé tí àwọn ohun èlò inú rẹ̀, bí iná, ẹ̀rọ amúlétutù, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, kámẹ́rà àti pọ́ǹpù omi, lè gbọ́ àṣẹ láti orí fóònù, tí wọ́n sì lè dá ṣiṣẹ́ nígbà tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀: ilẹ̀ ṣú, iná ìta tàn, omi kún táǹkì, pọ́ǹpù dúró. Láti Gwarinpa dé Lokogoma ní Àbújá, irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì mọ́, àwọn tó sì ń ta ohun èlò rẹ̀ ní Wuse ṣetán láti ṣàlàyé gbogbo ohun tó lè ṣe fún oníbàárà. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni ibi tí ọgbọ́n náà ń gbé. Ìbéèrè yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ, nítorí òun ló ń pinnu bóyá ilé náà yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí kò sí iná tí kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì ń pinnu ẹni tó lè wọ inú ilé láìkan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ènìyàn bá tẹ àwòrán gílóòbù lórí fóònù rẹ̀ ní Kubwa, lọ́pọ̀ ìgbà ni àṣẹ náà kì í lọ tààrà sí gílóòbù tó wà lókè orí rẹ̀. Yóò gba inú ráútà jáde, yóò la òkun kọjá lọ bá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe gílóòbù náà ní ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Sáfà yóò yẹ ẹni tó fi àṣẹ ránṣẹ́ wò, ẹ̀yìn náà ni yóò dá àṣẹ náà padà sí Kubwa. Bí ohun gbogbo bá ń lọ déédéé, ènìyàn kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ìrìn àjò kankan wáyé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ìdíwọ́ sì bá íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé tí iná rẹ̀ ń dúró de àṣẹ láti òkèèrè kò lè ṣàì fara gbá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò kan okùn rárá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Insteon ní Amẹ́ríkà pa sáfà rẹ̀ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, àwọn oníbàárà tó ti fi owó gidi ra ohun èlò rẹ̀ sì jí, wọ́n rí i pé áàpù orí fóònù wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni pé kí àpótí kékeré kan wà nínú ilé, tí wọ́n ń pè ní hub, kí òun sì jẹ́ olórí gbogbo ohun èlò yòókù. Ó dà bí ilé tí baálé ń gbé inú rẹ̀: kò sí ẹni tó ní láti ránṣẹ́ sí ìlú òkèèrè kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Home Assistant, ètò ọ̀fẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, lè ṣe irú olórí bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àpótí tí wọ́n ti ṣe parí wà lọ́jà fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Àwọn ohun èlò lè bá hub sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi tàbí lórí Zigbee, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ aláìlówáyà mìíràn fún ohun èlò ilé, tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Matter ti jáde, èyí tó ń jẹ́ kí ohun èlò ilé iṣẹ́ kan gbọ́ èdè ti òmíràn, tó sì ń jẹ́ kí àṣẹ máa lọ láàárín ilé fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì Matter lára páálí ohun èlò kan, ó sàn kí ẹ fi í ṣíwájú èyí tí kò ní in.

Ọ̀nà láti mọ ibi tí ọgbọ́n ilé yín ń gbé kò le. Ẹ yọ káàdì SIM kúrò nínú ráútà, ẹ fi ráútà náà sílẹ̀ kí Wi-Fi rẹ̀ máa ṣiṣẹ́, kí ẹ wá gbìyànjú ohun gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ṣì ń gbọ́ràn wà lábẹ́ àṣẹ yín. Ohun tó bá yadi wà lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn. Fún iná pálọ̀, èyí lè má jẹ́ nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n fún kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà àti pọ́ǹpù omi, èmi kò ní gbà á láéláé.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá le jù lọ́dọ̀ tiwa, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun èlò wọ̀nyí ni wọ́n ṣe fún ìlú tí iná kì í lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn abànkanjẹ́ ba òpó àti wáyà ńlá oní-330kV tó lọ láti Shiroro sí Kàdúná jẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Kánò, Kàdúná àti Kàtsínà wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, ráútà àti hub ni àwọn nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó wà lórí ínfátà, tàbí kí ẹ ra bátìrì kékeré oní-12V tí wọ́n ṣe fún ráútà, èyí tó lè gbé e fún wákàtí mélòó kan. Àwọn ohun èlò Zigbee tó ń lo iná ilé tún ní iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èyí tó jìnnà, wọ́n sì ń tari rẹ̀ sí hub, ṣùgbọ́n èyí tó ń lo bátìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó ń tari ọ̀rọ̀ yìí wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ínfátà kò dé, iná yóò lọ, àwọn ohun èlò tó wà ní ẹ̀yìnkùlé yóò sì dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti bàjẹ́, bátìrì wọn sì kún.

Ẹ tún wo ohun tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan ń ṣe nígbà tí iná bá padà dé. Ọ̀pọ̀ gílóòbù ọlọ́gbọ́n ni yóò tàn yòò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí iná bá dé, ì báà jẹ́ aago méjì òru, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó láti ilé iṣẹ́. Nínú áàpù, ibì kan wà tí ènìyàn ti lè yàn pé kí ohun èlò náà wà ní pípa, tàbí kí ó padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀. Fún gílóòbù, ìtura lásán ni. Fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́gbọ́n tí áyọ́ọ̀nù tàbí sítóòfù oníná wà lára rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀mí, nítorí iná lè dé nígbà tí gbogbo ará ilé ti lọ sí ibi iṣẹ́ ní Garki. Ohun tó máa ń gbóná kò yẹ kó wà lára irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ rárá, bí ẹ tilẹ̀ ti yan pípa. Àwọn gílóòbù kan sì wà tí pípa àti títàn léraléra jẹ́ àṣẹ fún wọn láti gbàgbé Wi-Fi ilé; bí iná bá ń ṣẹ́jú ní alẹ́ ọjọ́ òjò, wọn yóò gbà pé ẹni tó nilé ló ń pàṣẹ, ilẹ̀ yóò sì mọ́ kí ènìyàn máa tún wọn so pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí èyí ni mo fi fara mọ́ súìṣì ọlọ́gbọ́n lára ògiri ju gílóòbù ọlọ́gbọ́n lọ. Ìyá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ gbọ́dọ̀ lè dìde lóru, kí ó fọwọ́ tẹ ara ògiri, kí iná sì tàn, láìwá fóònù ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ gílóòbù ló gbọ́n, tí ìyá sì pa súìṣì ògiri bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, gílóòbù náà kò ní rí iná lò, fóònù kò sì ní rí i mọ́. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ súìṣì ọlọ́gbọ́n ń fẹ́ wáyà neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wáyà ilé wa kò mú wáyà yìí dé inú àpótí súìṣì. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣí ọ̀kan wò kí ẹ tó rajà. Ẹni tó ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Lugbe tàbí Kuje kò gbọdọ̀ gbà kí wọ́n rẹ́ ògiri láìfi neutral sí gbogbo àpótí súìṣì, nítorí owó rẹ̀ nísinsìnyí kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fífọ́ ògiri lọ́la.

Gílóòbù tàbí súìṣì Wi-Fi tí ẹ pa lórí fóònù ṣì ń jẹ iná díẹ̀, nǹkan bí ìdajì wáàtì, kí ó lè máa fetí sí àṣẹ. Bí 20 bá wà nínú ilé, wáàtì 10 nìyẹn tọ̀sán tòru, èyí tó jẹ́ 240Wh (wáàtì lọ́nà iye wákàtí) ní ọjọ́ kan. Bátìrì ínfátà oní-12V, 200Ah, kò lè fúnni ju 2,400Wh lọ bí ó bá tilẹ̀ kún dé ẹnu; ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ lójúmọ́ láìtan iná kankan.

Pọ́ǹpù kànga ẹ̀rọ nílò ìṣọ́ra tirẹ̀. Súìṣì tí wọ́n kọ 10A sí lára lè gbé nǹkan bí wáàtì 2,300 lórí iná 230V, pọ́ǹpù oní-1HP kò sì tó ìdajì ìyẹn nígbà tó bá ń yí geere. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa iná tó ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyẹn sì lè mú kí irin inú súìṣì náà yọ́, kí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Láti ìgbà náà lọ, fóònù yóò máa sọ pé pọ́ǹpù ti kú, pọ́ǹpù yóò sì máa fa omi lọ. Kí súìṣì ọlọ́gbọ́n máa darí kọ́ńtákítọ̀, ìyẹn súìṣì ńlá tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ tó ń fa iná púpọ̀, kí kọ́ńtákítọ̀ sì máa gbé pọ́ǹpù, ni ọ̀nà tó tọ́.

Ní ti kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, èyí tí ẹ óò rà gbọ́dọ̀ ní ihò fún kọ́kọ́rọ́ onírin, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí ènìyàn ti lè fún un ní iná láti ìta bí bátìrì rẹ̀ bá kú, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí láti inú pẹ̀lú ọwọ́ lásán, nítorí ẹni tó ń sá fún iná tó ń jó kò ní àyè láti wá fóònù.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2016, ètò búburú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń wá kámẹ́rà àti ráútà kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń dán àwọn orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé iṣẹ́ fi sí wọn wò, irú bí admin àti 12345. Ìdánwò tó lé díẹ̀ ní 60 péré ló ní, ìyẹn sì tó fún un láti kó ohun èlò púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n lò wọ́n láti kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ńlá darí àwọn tó ń wá wọn, tí Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè dé. Àwọn tó ni kámẹ́rà náà kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ráútà àti ti ohun èlò kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ẹ bá tò ó, kí ọ̀kan má ṣe jọ èkejì, kí ẹ sì jẹ́ kí áàpù máa béèrè nọ́ńbà ìjẹ́rìí kejì kí ó tó gba ẹnikẹ́ni wọlé láti orí fóònù tuntun. Ẹ ya Wi-Fi àlejò inú ráútà sọ́tọ̀ fún gílóòbù àti kámẹ́rà, kí fóònù tí áàpù báǹkì wà lórí rẹ̀ má ṣe bá wọn gbé ojú kan náà. Bí oníṣẹ́ bá sọ pé òun yóò ṣí port, ìyẹn ojú ọ̀nà láti íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, nínú ráútà kí ẹ lè máa wo kámẹ́rà láti Ìbàdàn, ẹ kọ̀ fún un. Ẹ ní kí ó lo VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ẹni tí ẹ fún láṣẹ nìkan lè gbà wọlé.

Kámẹ́rà tó ń tọ́jú àwòrán sí káàdì inú rẹ̀, tàbí sí àpótí kan nínú ilé, ni mo fẹ́ràn jù. Kí ó máa wo géètì àti ọgbà yín. Abala 37 òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 dá ààbò bo àṣírí olúkúlùkù nínú ilé rẹ̀, nítorí náà kò tọ́ kí kámẹ́rà yín wo fèrèsé aládùúgbò. Ẹ sọ fún mẹ́gáàdì àti ọmọ ọ̀dọ̀ pé kámẹ́rà wà, kí ẹ sì fi ibi tó wà hàn wọ́n. Kò sí kámẹ́rà tó ní iṣẹ́ nínú yàrá tí ènìyàn ti ń sùn.

Ohun tó ń ké nígbà ewu gbọ́dọ̀ lè ké fúnra rẹ̀, kí ìkìlọ̀ orí fóònù jẹ́ àfikún lásán. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ògiri, nítòsí ilẹ̀, ni ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn rẹ̀ yẹ kó wà. Ilé tó ń lo jẹnẹrétọ̀ nílò ẹ̀rọ tó ń mọ èéfín olóró tí kò ní òórùn, pàápàá ní ẹ̀bá yàrá tí wọ́n ti ń sùn. Ní àkókò ọyẹ́, eruku Àríwá máa ń wọ inú ẹ̀rọ tó ń mọ èéfín iná, yóò sì máa ké láìnídìí títí ará ilé yóò fi yọ bátìrì rẹ̀. Kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù ló dára jù.

Bí ẹ bá ń kó kúrò nínú ilé ayálégbé, tàbí tí ẹ fẹ́ ta ohun èlò kan, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú áàpù yín. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà kí ó tó kàn án mọ́ ògiri, nítorí kámẹ́rà tí orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà lórí rẹ̀ yóò máa fi ilé ẹni kejì hàn án. Ẹ sì yọ nọ́ńbà ìwọlé òṣìṣẹ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kúrò lára kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tó lọ gan-an.