Bí dókítà ṣe di adájọ́, agbowó-orí àti aṣojú ìjọba ní Darjeeling

Ẹni tó bá gúgù dókítà Archibald Campbell, ohun tó máa kọ́kọ́ rí ni pé ó gbin tíì sí ọgbà ilé rẹ̀ ní Darjeeling, ìlú orí òkè ní Íńdíà, lọ́dún 1841, bí ìlú ṣe là nìyẹn. Ìtàn yẹn dùn sha, àmọ́ ẹ wo ọdún ẹ̀ dáadáa: 1856 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọgbà tíì tí wọ́n fi ń ṣòwò, bẹ́ẹ̀ ní 1849 ìlú náà ti ní nǹkan bíi 10,000 èèyàn, níbi tó jẹ́ pé ní 1839 tí wọ́n yan dókítà síbẹ̀, bíi 100 péré ni wọ́n. Tíì kọ́ ló kó wọn wá.

Ọmọ Scotland ni Campbell, Kọ́ńpìnì East India, ilé iṣẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèjọba ní Íńdíà nígbà yẹn, gbà á síṣẹ́ dókítà ní 1827, wọ́n gbé e lọ sí Kathmandu ní Nepal, ibẹ̀ ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oko àti ọ̀rọ̀ ìlú. Darjeeling ńkọ́? Ọba Sikkim, ìjọba kékeré kan ní òkè Himalaya, ló fún Kọ́ńpìnì ní 1835, pé káwọn òyìnbó tí ara wọn ò yá máa lọ gba atẹ́gùn tútù níbẹ̀. Kí wọ́n rán dókítà lọ síbẹ̀ bọ́gbọ́n mu, àmọ́ nígbà tó débẹ̀, òun náà ni adájọ́, òun ni agbowó-orí, òun ni ọ̀gá póòsítọ́fíìsì, òun náà ló ń bá ọba Sikkim sọ̀rọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ní Sikkim, àwọn ìjòyè ló ń lo àwọn tó wà lórí ilẹ̀ wọn, ẹrú sì wà. Darjeeling ní ẹni tó bá ti lè ṣánko kó máa bọ̀, ẹni tó bá sì sá wá, wọn ò ní dá a padà. Bíi kí onílé fún aláìsàn ní yàrá kan ni, kí ayálégbé yìí ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ onílé, kó wá máa fi rẹ́ǹtì pa onílé lẹ́nu mọ́: rúpì 3,000 lọ́dún láti 1841, wọ́n sọ ọ́ di 6,000 ní 1846. Ṣé rẹ́ǹtì á bá èèyàn roko ni?

Campbell àti Joseph Hooker tó ń ṣèwádìí ewéko rìnrìn àjò wọ Sikkim, ní Nóvẹ́ńbà 1849 àwọn èèyàn Dewan, ẹni tó ń darí ìlú fún ọba, bá mú dókítà, wọ́n dè é, wọ́n lù ú, ara ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú tó sá padà. Ìgbẹ̀yìn Dísẹ́ńbà ni wọ́n tó tú òun àti Hooker sílẹ̀. Ní 1850 àwọn òyìnbó gba ilẹ̀ sí i lọ́wọ́ Sikkim, wọn ò sì san rẹ́ǹtì yẹn mọ́.

Ètò yìí dín owó kù fún Kọ́ńpìnì lóòótọ́, ẹnì kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ èèyàn mẹ́rin. Àmọ́ ẹni tó ń gba ìsáǹsá wọlé náà ni ọba Sikkim gbọ́dọ̀ wá fẹjọ́ sùn, ta ló máa wá dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Orí ipò yẹn náà ni Campbell wà títí di 1862.