Ẹni tí kò sunkún: ṣé ọ̀rọ̀ kò dùn ún ni?

Ọjọ́ kẹta tí bàbá mi kú, ìyá mi ń ka abọ́. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un lẹ́yìn ilé, nítorí àwọn tó yá wa ní ìkòkò àti abọ́ ti ń bọ̀ wá kó ẹrù wọn. "Méjìlélógún, mẹ́tàlélógún..." Bó bá kan èyí tí ọbẹ̀ gbẹ mọ́ lára, á bu omi sí i, á fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, á dojú ẹ̀ délẹ̀, á tún máa kà á lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá mi, kò sẹ́ni tó rí omi lójú rẹ̀. Ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin méjì nínú ẹbí wa. Ọ̀kan ní, "Ojú ẹ̀ mà gbẹ o. Ẹni tí ọkọ ẹ̀ kú!" Èkejì ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà ńbẹ̀."

Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yẹn ń lọ. Opó tí ẹkún rẹ̀ kò bá tó, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi ní ó mọ̀ sí ikú ọkọ rẹ̀. Ọmọ tí kò ké níbi ìsìnkú, wọ́n á ní ogún ló ń wò. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: pé bí nǹkan bá dun ènìyàn dénú, ó gbọ́dọ̀ hàn lójú rẹ̀, kó sì hàn bó ṣe máa hàn lójú tèmi náà. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, a máa ń wí bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ àti másùnmáwo, ojú kò ní gbogbo ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.

Ìgbàgbọ́ yìí ti sọ aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ sẹ́wọ̀n rí. Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tọkọtaya kan ní Ọsirélíà, Michael àti Lindy Chamberlain, pàgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn nítòsí Uluru, àpáta ńlá tó dá dúró láàárín aṣálẹ̀. Ajá igbó tí wọ́n ń pè ní dingo wọ inú àgọ́, ó gbé Azaria, ìkókó ọlọ́sẹ̀ mẹ́sàn-án, lọ. Lindy fi igbe bọnu pé dingo ti gbé ọmọ òun. Àmọ́ nígbà tí àwọn oníròyìn gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ohùn rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń dáhùn ìbéèrè létòlétò. Ìyẹn ló bí àwọn ènìyàn nínú. Irú ìyá wo nìyí? Àwọn tó ṣàyẹ̀wò ọkọ̀ wọn tún ní àwọn rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló nínú rẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àyẹ̀wò náà kò dúró. Lọ́dún 1982, tòun ti oyún nínú, wọ́n dá a lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó rí jákẹ́ẹ̀tì kékeré ọmọ náà ní 1986, níbi tí ihò àwọn dingo pọ̀ sí. Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé ẹ̀bi náà ní 1988. Ọdún 2012 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé dingo ló pa Azaria. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko! Mi ò ní pé ojú gbígbẹ nìkan ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dájọ́ fún un nínú pálọ̀ wọn kí ilé ẹjọ́ tó jókòó, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì wò dá a.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí ìpayà bá dé, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹran kékeré kan tó jókòó sórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn á tú oje tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, ẹnu á gbẹ, inú á dáwọ́ iṣẹ́ oúnjẹ dúró, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sí ẹsẹ̀ àti apá. Oje kejì tí wọ́n ń pè ní cortisol á tẹ̀ lé e, á máa pèsè ṣúgà fún ara kó lè fara dà á. Walter Cannon, onímọ̀ nípa ara ní Yunifásítì Harvard, ni wọ́n máa ń dárúkọ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wo ohun tó yí padà nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò nígbà tí ajá ń gbó mọ́ ọn, ìwé tó gbé jáde ní 1915 sì ṣàlàyé pé ara ń múra láti jà tàbí láti sá.

Ìjà tàbí eré sísá. Àwọn ènìyàn di méjèèjì mú bí ẹni pé kò sí òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí ọkọ̀ ya kúrò lójú títì lójijì: ẹnì kan ń ké "Jésù!", ẹnì kan ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹnì kan ti gan pa bí igi. Kì í ṣe pé ẹni tó gan pa yẹn jẹ́ ojo ju àwọn yòókù lọ. Ara rẹ̀ ló tì í pa. Nígbà mìíràn àyà rẹ̀ gan-an á rọra máa lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn ò ní jáde, ẹsẹ̀ ò ní gbéra. Obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ máa ń gbọ́ ọ léraléra: "Kí ló dé tí o kò pariwo?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, irú gígan pa bẹ́ẹ̀ ló mú un. Ìbéèrè yẹn máa ń ká mi lára gan-an, nítorí ẹni tó ń bi í kò mọ̀ pé òun ń fi ohun tí ara ṣe fúnra rẹ̀ sùn ún lẹ́jọ́.

Lọ́dún 2000, Shelley Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Los Angeles tún fi ọ̀nà mìíràn kún un. Wọ́n ní akọ ló pọ̀ jù nínú ènìyàn àti ẹranko tí wọ́n ti fi ń ṣe ìwádìí másùnmáwo, àti pé ọ̀pọ̀ obìnrin, bí ìdààmú bá dé, ọmọ ni wọ́n máa ń kó mọ́ra, wọ́n á sì sún mọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí mo ka ìyẹn, abọ́ ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú náà ni mo tó bi í léèrè. Ó ní, "Bí mo bá jókòó lọ́jọ́ náà, ta ló máa dáná fún yín?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Abọ́ mẹ́rin ni kò pé. Mo sanwó ẹ̀."

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé orí àti ikùn ló ń bá wọn sunkún. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn ọmọ ilé ìwé ní Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí ojú wọn ń ṣú, tí ìwé ò wọlé mọ́, tó jẹ́ pé ìnira ẹ̀kọ́ àti ìrètí gbogbo ẹbí tó wà léjìká wọn ló ń jáde bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ àgbàlagbà tó ń sọ pé nǹkan ń rìn lórí òun, tàbí pé inú orí òun ń gbóná. Ẹ má ṣe fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀. Ní ti ọkùnrin, tí a ti ń sọ fún láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún, ìbínú ni tirẹ̀ máa ń dà, tàbí ọtí, tàbí iṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Bí a ti bí kálukú ò dọ́gba, ohun tójú kálukú ti rí tẹ́lẹ̀ ò dọ́gba, ipò tó wà nínú ilé náà ò dọ́gba. Ojú àkọ́bí ò lè dà bí ti àbíkẹ́yìn.

Àwọn tó fẹ́ ṣàánú máa ń mú ìdajì kejì ìgbàgbọ́ òdì yìí wá: "Sunkún, sunkún, kó má baà pa ọ́ sínú." Mo ti sọ ọ́ fún ènìyàn rí, mi ò sì ní sọ ọ́ mọ́. George Bonanno, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Columbia ní New York, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà láti ìgbà tí ọkọ tàbí aya wọn ṣì wà láàyè títí di oṣù méjìdínlógún lẹ́yìn ikú olúwarẹ̀. Nínú ìwádìí wọn tó jáde ní 2002, nǹkan bí ìdajì ni ìrẹ̀wẹ̀sì kò gbé ṣánlẹ̀ rárá. Wọ́n fẹ́ràn ọkọ wọn, wọ́n fẹ́ràn aya wọn, àárò ń sọ wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ara wọn sì dúró. Nítorí náà ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ lè máa jóná nínú, ó sì lè jẹ́ pé ó ń gbé e dáadáa. Kò sí èyí tó jẹ́ ìwà ìkà nínú méjèèjì, ìwọ tó ń wò ó láti òkèèrè ò sì lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, wọ́n máa ń kọ́ ọmọbìnrin ní ẹkún ìyàwó bí ẹní kọ́ ewì, á sì fi omijé sun ún lọ́jọ́ tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé a lè sunkún lọ́jọ́ ayọ̀, kò yẹ kó yà á lẹ́nu pé ojú lè gbẹ lọ́jọ́ ọ̀fọ̀.

Oorun àti oúnjẹ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí kò sùn, tí aṣọ ń tú lára rẹ̀, tí kò lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń sọ pé òun náà ì bá kúkú tẹ̀ lé olóògbé, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, yálà ó ń sunkún tàbí kò sun. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí kánópì wà nílẹ̀ nìkan lẹ máa yọjú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, fún bí oṣù mẹ́rin, kò sí ọjọ́ Sunday tí kì í dé ilé wa. Kò sọ̀rọ̀ ẹkún rí. Á bi ìyá mi bóyá ó ti jẹun, bó bá ní òun ti jẹ, á ní kó bu díẹ̀ sí i níṣojú òun. Á wá jókòó síbẹ̀, á máa tún rédíò bàbá mi ṣe, títí ìyá mi á fi jẹ ẹ́ tán.