Ohun tó ń mú kí ìṣáwùrú kún inú àpótí ẹja, àti bí a ṣe ń dín wọn kù

Ewéko ni ìṣáwùrú máa ń bá wọ inú àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja. Ẹni tó ra òjúoró láti fi lé ojú omi, tàbí tó ra òṣíbàtà láti gbìn sínú yanrìn ìsàlẹ̀, lè yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn kí ó má rí nǹkan kan, nítorí inú ohun yíyọ̀ kan tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, tó sì mọ́ gaara débi pé ojú kì í tètè rí i, ni ẹyin àwọn ẹ̀dá kékeré yìí máa ń wà, ní abẹ́ ewé tàbí láàárín gbòǹgbò. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tí ẹyin náà yóò fi pa. Ọmọ tó jáde láti inú rẹ̀ kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ; nígbà tí yóò bá fi hàn sí ojú, ó ti ń súnmọ́ àtiyé ẹyin tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé inú omi ni wọ́n ti ṣàdédé yọ.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù lọ. Èkínní ni Physella acuta, tí orísun rẹ̀ jẹ́ Àríwá Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé; ìkarahun rẹ̀ fẹ́lẹ́, bí a bá sì gbé e dání kí ṣónṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí wa, apá òsì ni ẹnu náà yóò wà. Èkejì rí pẹlẹbẹ, ó sì ká bí ìwo àgbò. Ẹ̀kẹta, Melanoides tuberculata, gùn, ó sì ní ṣónṣó bí òkòtó; inú yanrìn ni ó máa ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, tí yóò wá jáde lóru. Àwọn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ akọ àti abo pọ̀ nínú ara kan, kò sì di dandan kí wọ́n rí ẹnìkejì kí wọ́n tó yé ẹyin tí yóò di ọmọ. Ní ti ẹ̀kẹta, abo rẹ̀ lè bímọ láìrí akọ, ọmọ alààyè ló sì ń bí. Ẹni tó bá fọwọ́ ṣa 100 kúrò, tí ẹyọ kan ṣoṣo sì ṣẹ́kù sábẹ́ òkúta, kò tíì ṣe ju pé ó fún ẹyọ kan náà láyè láti jẹun dáadáa.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, bíbí kọ́ ló ń pinnu iye tí wọn yóò jẹ́, oúnjẹ ni. Ìdì ẹyin Physella kan lè ní ẹyin 10, ó sì lè ní 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyọ ìṣáwùrú kan sì máa ń yé irú ìdì bẹ́ẹ̀ léraléra. Bí gbogbo ọmọ tó pa bá ń yè, kò sí àpótí tí ìkarahun kò ní kún dé ẹnu. Ohun tí kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé níbi tí oúnjẹ bá ti wọ́n, àgbà máa ń yé ẹyin díẹ̀, ọmọ máa ń pẹ́ kí ó tó dàgbà, púpọ̀ nínú wọn a sì kú. Ohun tí wọ́n ń jẹ ni àjẹkù oúnjẹ ẹja tó rì sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, ewé tó ń kú, àti ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń bo gíláàsì bí iná bá ń tàn sí i jù. Àjẹkù ló lágbára jù nínú wọn. Nítorí náà, iye ìṣáwùrú jẹ́ òṣùwọ̀n tó ń sọ bí oúnjẹ tí a ń dà sílẹ̀ ṣe ju ohun tí ẹja lè jẹ lọ tó, ó sì tọ́ kí a ka òṣùwọ̀n náà kí a tó máa wá oògùn.

Ẹ̀sùn kan wà tó yẹ kí a mú kúrò lọ́rùn wọn, èyíinì ni pé wọ́n ń jẹ ewéko run. Àwọn oríṣi mẹ́ta tí a dárúkọ yìí kì í sábà fọwọ́ kan ewé tó yè. Bí ihò bá wà lára ewé, ó ṣeé ṣe kí ewé náà ti máa kú tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí àìtó pótásíọ́mù, kí ìṣáwùrú tó wá jẹ ibi tó ti rà. Lymnaea stagnalis, tó tóbi jù wọ́n lọ, ni ẹ̀sùn náà tọ́ sí, nítorí òun máa ń jẹ ewé tútù.

Ọwọ́ tó ń bọ́ ẹja ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ tán láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ni kí a máa fún wọn, kí a sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ láìfún wọn rárá, nítorí ẹja tó ti dàgbà tí ara rẹ̀ sì le kò ní jìyà nítorí ìyẹn. Oúnjẹ líle tí a ń jù sísàlẹ̀ fún ẹja tó ń gbé ilẹ̀ omi ló yẹ kí a ṣọ́ jù, torí òru ni púpọ̀ nínú ẹja bẹ́ẹ̀ ń jẹun, òru náà sì ni ìṣáwùrú ń jáde; ohun tó bá ṣẹ́kù lówùúrọ̀, kí a yọ ọ́. Kí a máa gé ewé tó bá ti ń rọ, kí a sì máa fi ọ̀pá rọ́bà fa ìdọ̀tí jáde láàárín òkúta nígbà tí a bá ń pààrọ̀ omi. Èrè rẹ̀ kì í tètè hàn. Àwọn àgbà tó ti wà níbẹ̀ kò ní kú lọ́sẹ̀ kan. Ó lè gba oṣù kan sí méjì kí iye wọn tó lọ sílẹ̀ débi tí ojú yóò rí i, àìnísùúrù ní àkókò yìí gan-an ló sì máa ń sún ènìyàn dé ìdí oògùn.

Ìdẹ lè mú kí ó yá díẹ̀. Ewé lẹ́túùsì tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná, tàbí ègé kùkúńbà tí a so mọ́ òkúta kí ó lè rì, ni a ó gbé sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa iná lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn yóò ti bò ó, a ó sì gbé e jáde tòun tàwọn tó wà lórí rẹ̀. Bí àjẹkù bá ṣì wà nílẹ̀, àwọn tó ṣẹ́kù yóò tún pọ̀ dí àlàfo náà.

Àwọn ẹ̀dá kan wà tó ń jẹ ìṣáwùrú. Anentome helena, tí àwọn olówò ẹja ń pè ní assassin snail, jẹ́ ìṣáwùrú láti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ó máa ń na ẹnu gígùn wọ inú ìkarahun ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì jẹ ẹran inú rẹ̀. Tirẹ̀ ní akọ lọ́tọ̀ àti abo lọ́tọ̀, ẹyin ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń yé, nítorí náà kì í tètè pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ra, ṣùgbọ́n òun ló yẹ àpótí kékeré jù. Ẹja tí wọ́n ń pè ní clown loach, láti Borneo àti Sumatra, yára jù ú lọ, àmọ́ ó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kì í sì fẹ́ dá gbé. Kò bójú mu rárá kí a ra ẹ̀dá tó lè lò ju ọdún 10 lọ láyé nítorí ìṣòro oṣù méjì.

Oògùn ló yá jù, òun náà ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù. Bàbà ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, bàbà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣáwùrú àti edé. Àpótí tí edé bá wà, ó ṣeé ṣe kí edé tán kí ìṣáwùrú tó tán. Melanoides ní ìdérí líle tó fi ń sé ẹnu ìkarahun rẹ̀, kò sì rọrùn láti pa. Èyí tó tún burú ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìṣáwùrú bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí púpọ̀ wọn sì wà nínú yanrìn níbi tí ọwọ́ kò lè dé, òkú wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, amóníà yóò pọ̀ nínú omi ju èyí tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀rọ asẹ́mi lè yí padà lọ, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi yóò sì dín kù. Ẹja tí a fẹ́ gbà sílẹ̀ ni yóò máa mí gùlegùle lójú omi. Bàbà tún máa ń wọ inú òkúta àti yanrìn, tí yóò sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ sínú omi, débi pé edé tí a rà lẹ́yìn oṣù mélòó kan ṣì lè bá a pàdé.

Orí ewéko tuntun, kí ó tó wọ inú àpótí, ni oògùn ti wúlò. Àwọn kan máa ń rẹ ewéko sínú omi álọ́ọ̀mù, irú èyí tí a ń fi sínú omi kànga kí ó lè tòrò, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àwọn mìíràn máa ń lo bílíìṣì, ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n 19, fún ìṣẹ́jú méjì péré, kí wọ́n tó fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ewéko tí ewé rẹ̀ nípọn bí Anubias lè fara dà á, àwọn tí ewé wọn fẹ́lẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó dájú pé yóò pa gbogbo ẹyin. Nítorí náà, ó sàn kí ewéko náà kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, níbi tí ẹyin tó bá ṣẹ́kù yóò ti pa, tí a ó sì lè ṣa ọmọ wọn.

Ẹni tó bá ń bu ewéko láti inú odò tàbí adágún ní Nàìjíríà ní ohun mìíràn láti ṣọ́ra fún. Bulinus àti Biomphalaria, ìṣáwùrú méjì tó jẹ́ ìbátan àwọn tó ká bí ìwo àgbò, ni wọ́n ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá (schistosomiasis) kiri nínú omi wa, ẹnu ìkarahun Bulinus sì wà lápá òsì bíi ti Physella, kò sì rọrùn láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tó pa nínú àpótí kò lè ní àrùn náà, nítorí inú omi tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti wọ̀ ni ìṣáwùrú ti ń kó o. Àgbà tí a mú bọ̀ láti odò ló lè ní in, ó sì lè máa tu kòkòrò náà sínú omi tí a ń ki ọwọ́ bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àwọn tí a bá ṣa jáde kò gbọ́dọ̀ bá omi lọ sínú gọ́tà tàbí odò, torí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó gbé Physella káàkiri ayé. Omi gbígbóná ni kí a dà lé wọn lórí, kí a tó kó wọn sínú ilẹ̀.