Ta ló sọ pé ọ̀dọ̀ Jàpáànù ni Kòríà ti lọ kó iwin onírun gígùn?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ti dárúkọ fíìmù ẹlẹ́rù àwọn ará Kòríà, pàápàá irú èyí tó máa ń rọra wọni lára tí kò pariwo, ẹnì kan á ti dáhùn pé àdàkọ Jàpáànù lásán ni, pé obìnrin aláṣọ funfun tí irun bò lójú yẹn, inú Ringu, fíìmù ẹlẹ́rù Jàpáànù kan, ni wọ́n ti rí i. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n jí i kó. Mi ò ní máa ṣàlàyé pé àwọn fíìmù yìí dáa, ẹni tó bá ti wò wọ́n mọ̀. Irun yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká sọ.

Láyé àwọn ọba Joseon ní Kòríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1392 tó sì lò ju 500 ọdún lọ, orí obìnrin ló máa sọ irú ẹni tó jẹ́ fún ẹ. Ọmọge tí ò tíì relé ọkọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń di irun ẹ̀, á gùn wá sí ẹ̀yìn, wọ́n á so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ìdí ẹ̀. Ọjọ́ tó bá lọ́kọ ni wọ́n á ká a jọ sí ìpàkọ́, wọ́n á fi ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní binyeo gún un kó má bàa tú. Ìgbà wo wá ni wọ́n máa ń tú irun sílẹ̀? Ìgbà ọ̀fọ̀. Tí bàbá tàbí ìyá bá kú, àwọn ọmọ á tú irun wọn, wọ́n á wọ aṣọ funfun tí ò ní ọ̀ṣọ́ kankan, sobok lorúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí opó nílé wa tí ò dirun, kò yẹ kí èyí ṣòroó yé e. Aṣọ funfun gan-an, àwọn ará Kòríà fúnra wọn ló ń pe ara wọn ní èèyàn aláṣọ funfun, torí òun ni tálákà ibẹ̀ ń wọ̀ lójoojúmọ́ láyé àtijọ́.

Nítorí náà, ọmọge tó kú láìlọ́kọ tó wá yọ sí ẹ lóru pẹ̀lú irun títú, kì í ṣe pé ẹnì kan kàn rò pé irun gígùn ń dẹ́rù bani. Wọn ò lè di irun ẹ̀ bíi ti ọmọge mọ́, wọn ò sì lè ká a jọ bíi ti ìyàwó torí kò di ìyàwó rí, ó bọ́ sáàárín méjèèjì, kò sílé kankan fún un. Cheonyeo gwishin ni wọ́n ń pè é, iwin wúńdíá. Ẹ̀rù ẹ̀ ba àwọn èèyàn débi pé àwọn ẹbí kan a máa wá òkú ọ̀dọ́kùnrin tí ò láya, wọ́n á ṣe ìgbéyàwó fún àwọn méjèèjì kí ọkàn wọn lè sinmi. Kí ló kan Jàpáànù nínú gbogbo èyí?

Ìtàn kan tún wà tí wọ́n ń pa fọ́mọdé níbẹ̀ bí a ṣe ń pa ti ìjàpá, ìtàn Janghwa àti àbúrò ẹ̀ Hongnyeon. Ìyá wọn kú, bàbá wọn fẹ́ ìyàwó míì. Ìyàwó yìí ò fẹ́ rí àwọn ọmọ náà, ló bá bó eku láwọ, ó kì í sábẹ́ aṣọ ìbora Janghwa lójú oorun, ó wá pe bàbá pé ẹ wá wò ó, ọmọ yín ti lóyún, oyún ti bàjẹ́ sára ẹ̀. Bàbá gbà á gbọ́. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin ìyàwó yẹn mú un jáde lóru, ó sì tì í sínú adágún omi. Nígbà tó yá, Hongnyeon náà lọ bẹ́ sínú omi kan náà. Àtìgbà yẹn, ajẹ́lẹ̀ tí ọba bá rán wá sílùú yẹn, kíkú ló ń kú, torí àwọn ọmọ náà á yọ sí i lóru, jìnnìjìnnì á sì pa á. Ó wá ku ọ̀kan tó láyà, tó dúró bi wọ́n pé kí lẹ fẹ́. Wọ́n ní kó gbọ́ ẹjọ́ àwọn. Ìyàwó bàbá mú ẹ̀rí ẹ̀ wá, ohun tó pè ní oyún yẹn, ajẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un, làwọn ọmọ yẹn bá tún padà wá: ẹ la ikùn nǹkan yẹn wò. Wọ́n là á, ìgbẹ́ eku ló wà ńbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà. Òkú dìde wá kí wọ́n lè yẹ ẹ̀rí wò dáadáa. Kò wá pa ẹnikẹ́ni, kò sì lọ ṣe ayé míì nílùú míì bí àkúdàáyà, ẹjọ́ ló ní láti rò, àwọn tó sì kú, àyà wọn ló já tí wọn ò dúró gbọ́. Wonhon ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, ẹ̀mí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tí ò rí ibi sọ ọ́.

1924 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìtàn yìí ṣe fíìmù ní Kòríà, wọ́n tún un ṣe ní 1936. Láti 1977 títí di 1989 ni tẹlifíṣọ̀n KBS ń gbé eré ìtàn àtijọ́ jáde, iwin wúńdíá yìí kan náà ń yọ nínú ẹ̀. Ringu, 1998 ló jáde. Nígbà yẹn, wọn ò gbà kí sinimá Kòríà gbé fíìmù Jàpáànù jáde rárá, oṣù kẹwàá ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yeogo Goedam, fíìmù iwin ilé-ìwé obìnrin tó tún jí fíìmù ẹlẹ́rù wọn dìde, ti jáde láti oṣù karùn-ún.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìgbàgbọ́ yìí ni pé ó máa ń ba fíìmù jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Tó o bá ti gbà pé iwin yẹn jẹ́ ẹrù àjíkó, wàá jókòó máa retí ìgbà tó máa fò jáde, tí kò bá fò jáde wàá ní fíìmù ò dùn. Kim Jee-woon, olùdarí fíìmù ará Kòríà, fi orúkọ ìtàn yẹn gan-an ṣe fíìmù ẹ̀ ti 2003, èyí tí wọ́n ń pè ní A Tale of Two Sisters lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ padà wálé, ìyàwó bàbá ń rẹ́rìn-ín sí wọn, bàbá kì í sọ̀rọ̀, òdòdó kún ara ògiri. Àlejò wá jẹun lálẹ́ ọjọ́ kan, lórí tábìlì yẹn ni gìrì ti mú obìnrin kan, inú mọ́tò ló ti wá sọ fún ọkọ ẹ̀ pé òun rí ọmọbìnrin kan nísàlẹ̀ síǹkì. Ohun tó dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni ẹni tó mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn tó sì ń jẹun lọ. Ẹjọ́ wà nílẹ̀, kò sí ajẹ́lẹ̀ tó máa gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù náà ń ṣe tiẹ̀. Àbúrò ò ní pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lórúkọ, eonni ló máa pè é, Gẹ̀ẹ́sì á kàn kọ orúkọ síbẹ̀. Àwa tá ò jẹ́ pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ yẹ ká mọ ohun tó sọnù níbẹ̀, torí ìgbà míì, bí ẹnì kan ṣe pe ẹlòmíì ni gbogbo ìjà tó wà níbẹ̀.

Mi ò sọ pé wọn ò rí nǹkan kan kọ́ lọ́dọ̀ Jàpáànù o. Ní 1999, Kòríà fúnra ẹ̀ fi ìtàn Ringu ṣe fíìmù tiẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn lẹ sì rí i tí irun túbọ̀ ń bo ojú, tí iwin ń fi ọwọ́ àti orúnkún rìn káàkiri. Iwin Jàpáànù náà ní aṣọ òkú funfun àti irun títú tiẹ̀ tipẹ́. Kódà ìwé ìtàn kan wà tí ará Ṣáínà kan, Qu You, kọ láyé 1300 sí 1400, ìwé náà ni òǹkọ̀wé Kim Si-seup tọ̀ lẹ́yìn ní Kòríà, òun náà ni òǹkọ̀wé Asai Ryōi mú lò ní Jàpáànù ní 1666. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ odò kan náà ni wọ́n ti pọnmi, ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ ká sọ pé ẹnì kan jí i kó lẹ́yìn 1998, ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn fídíò kéékèèké orí fóònù tó ń gé ibi tí iwin ti yọ nìkan jọ, ọ̀dọ̀ wọn ni púpọ̀ nínú ìgbàgbọ́ yìí ti ń wá. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣì tutù lára ẹ̀, kó fi ti 2003 yẹn sílẹ̀ ná. Àbúrò mi kan wò ó nígbà tí ìyá ẹ̀ ò tíì kú ju oṣù méjì lọ, kò rí oorun sùn fún bí ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí mo sì bi í pé iwin wo ló ń rí, ó ní kì í ṣe iwin, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ìyá òun ni, òun ò lè ṣí i.